Ẹ̀jẹ̀ Kì Í Ṣe ti Ẹnì Kan Ṣoṣo: Ìtàn DNA, Ẹbí àti Ọlọ́pàá

Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí àwọn baba wa ń pa òwe yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n ní lọ́kàn. Lóde òní, itọ́ ẹnu pàápàá ti ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá tu itọ́ sínú ìgò kékeré kan, tí ó sì fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tí ń wádìí ìran, ti sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀, nípa bàbá àti ìyá rẹ̀, àti nípa àwọn ìbátan tí kò fojú kàn rí.

Ẹ̀yin ará wa ní ìdálẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìgò yìí ti wọ ọ̀pọ̀ ilé wa ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Bìrìtéènì. Àwọn ọmọ wa a máa fi ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún ara wọn. A kò bá wọn wí. Ọmọ tí a bí sí òkèèrè ń fẹ́ mọ orísun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará wa tí a kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà àti Brazil ń wá ilé tí a ti já wọn gbà. Ohun tí a fẹ́ sọ fún ẹbí kọ̀ọ̀kan ni bí ìmọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, bí ó ṣe dé ọwọ́ ọlọ́pàá, àti ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnì kan dá ìpinnu rẹ̀ ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, ní Yunifásítì Leicester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí ń jẹ́ Alec Jeffreys ń wo fíìmù X-ray kan nínú yàrá àyẹ̀wò rẹ̀. Ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ni àwòrán DNA àwọn ènìyàn mélòó kan. DNA ni ohun tín-ín-tìn-ín tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, itọ́ àti irun wa, tí a jogún ìdajì rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá, tí a sì jogún ìdajì yòókù lọ́dọ̀ ìyá. Jeffreys rí i pé ìlà ti ẹnì kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, àfi ti àwọn ìbejì tí ó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá. Ó sì tún rí i pé a lè tọ ìlà ara ọmọ dé ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ìmọ̀ yìí yanjú kì í ṣe ọ̀ràn olè tàbí ti ìpànìyàn. Ọ̀rọ̀ ẹbí kan láti ilẹ̀ Gáná ni. Ní ọdún 1985, ọmọkùnrin kan tí a bí ní Bìrìtéènì, tí ó ti lọ gbé ní Gáná, fẹ́ padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé-ìjáde kò gbà pé ọmọ obìnrin náà ni. Wọ́n ní ó lè jẹ́ ọmọ àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó fẹ́ mú wọlé. Jeffreys yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, ó yẹ ti ìyá rẹ̀ àti ti àwọn ọmọ mẹ́ta yòókù wò pẹ̀lú. Wọn kò rí bàbá wọn kí ó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n láti ara àwọn ọmọ mẹ́ta wọ̀nyí, Jeffreys to ìlà ti bàbá jọ. Ó hàn kedere pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ìjọba gbà, ọmọ sì wọlé.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọkàn sí kókó yìí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé. Bàbá yẹn kò fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀jẹ̀, kò bu ọwọ́ lu ìwé kankan, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ti sọ irú ẹni tí ó jẹ́. Ní ọjọ́ náà, ire ni ó ti ibẹ̀ jáde.

Bí ọlọ́pàá ṣe gbọ́ sí i

Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá fi gbọ́. Ní agbègbè Leicester yìí kan náà, wọ́n ti fipá bá ọmọbìnrin méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ ọmọ ọdún 15 lòpọ̀, wọ́n sì pa wọ́n, ọ̀kan ní ọdún 1983, èkejì ní ọdún 1986. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan jẹ́wọ́ pé òun ni ó pa èkejì. DNA fi hàn pé kì í ṣe òun. Nítorí náà, iṣẹ́ kìn-ín-ní tí DNA ṣe fún ọlọ́pàá ni pé ó tú aláìṣẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1987, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin tí ó ju 5,000 lọ ní àwọn ìletò àyíká. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ibi náà rán ẹlòmíràn lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà jáde ní ilé ọtí, wọ́n sì mú un. Wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére ní ọdún 1988.

Àwọn Yorùbá ní bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Níwọ̀n ìgbà tí ìwà ọ̀daràn kò tán nílùú, ọlọ́pàá kò ní dẹ́kun wíwá ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1995, Bìrìtéènì dá àkójọ DNA ti ìjọba sílẹ̀. Láti ọdún 2001, òfin gba ọlọ́pàá láàyè láti tọ́jú DNA ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn, kódà bí ilé-ẹjọ́ bá dá a láre. Àwa aláwọ̀ dúdú pọ̀ nínú àkójọ náà ju bí a ṣe pọ̀ nílùú lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, àwọn adájọ́ 17 ní Ilé-ẹjọ́ Yúróòpù fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn fi ohùn kan sọ pé kò tọ́ kí ìjọba máa tọ́jú DNA aláìṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìní òpin. Ní ọdún 2012, Bìrìtéènì ṣe òfin tuntun láti tún un ṣe.

Ẹ kíyè sí i pé àkójọ ti ìjọba ni èyí. Ó ní òfin, ó ní adájọ́ tí ó lè bá a wí. Èyí tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní irú rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ní Ìbàdàn

Kí á tó sọdá sí Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yà sí ilé, nítorí ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní HapMap, láti mọ bí DNA ọmọ ènìyàn ṣe yàtọ̀ síra. Àwọn ènìyàn 270 ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Nínú wọn, 90 jẹ́ Yorùbá ní Ìbàdàn: ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn yòókù jẹ́ ará Utah ní Amẹ́ríkà, ará Japan àti ará Ṣáínà. Wọ́n tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2005. Títí di òní, nínú àwọn yàrá àyẹ̀wò káàkiri ayé, lẹ́tà mẹ́ta YRI dúró fún Yorùbá ní Ìbàdàn.

Ní Ìbàdàn, wọn kò lọ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan tààrà. Wọ́n kọ́kọ́ bá àwùjọ sọ̀rọ̀, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n gbọ́ ìbéèrè àwọn ènìyàn, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó fọwọ́ sí ti ara rẹ̀. Wọn kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà.

Síbẹ̀, àìkọ orúkọ nìkan kò tó. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ kan fi hàn pé àwọn lè mọ orúkọ àwọn ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50 nínú àwọn ará Utah tí wọ́n ti fi DNA sílẹ̀ fún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìran tí àwọn ìbátan wọn ti fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìgò itọ́ wọ ọjà

Láti ọdún 2000 ni FamilyTreeDNA ti ń ta àyẹ̀wò ìran fún ará ìlú ní Amẹ́ríkà. A dá 23andMe sílẹ̀ ní ọdún 2006. Ancestry bẹ̀rẹ̀ AncestryDNA ní ọdún 2012. Ní ọdún 2010, àwọn ọkùnrin méjì, Curtis Rogers àti John Olson, dá GEDmatch sílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gbé àbájáde rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ yòówù wá, kí ó sì fi wá ìbátan lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ọdún 2019 fi bẹ̀rẹ̀, ìṣirò fi hàn pé àwọn tí ó ti tu itọ́ sínú ìgò ju mílíọ̀nù 26 lọ.

Ìṣirò ìbátan kò ṣòro. Àwọn ọmọ ìyá kan náà àti bàbá kan náà jọ ní nǹkan bí ìdajì DNA wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò jọ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Àwọn tí ó jẹ́ pé ìran kẹrin lókè ni wọ́n ti pàdé jọ ní ohun tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà a máa rí i. Àwọn Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ láàárín iyèkan àti ọbàkan kí òyìnbó tó rí DNA. Ohun tí ó yí padà ni pé àlejò lè kà á lónìí láìbi olórí ẹbí léèrè.

Ní ọdún 2018, ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science lo àkójọ DNA àwọn ènìyàn mílíọ̀nù 1.28. Ó fi hàn pé bí a bá wá ará Amẹ́ríkà tí ìran rẹ̀ ti Yúróòpù wá, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà ni a ó rí ìbátan rẹ̀ tí kò jìnnà ju ìran kẹrin yẹn lọ. Ó ní bí àkójọ kan bá ti ní ìdá méjì péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn ìlú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí kò ní ìbátan níbẹ̀. Àwa kò tí ì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú àkójọ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìgò kọ̀ọ̀kan tí a bá fi ránṣẹ́ ń fi kún un. Nínú agbo ilé wa, níbi tí bàbá kan ti lè ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ 20, ìgò kan ṣoṣo lè ṣí ilẹ̀kùn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn.

Ọ̀ràn Idaho Falls

Ní ọdún 1996, wọ́n pa ọ̀dọ́mọbìnrin ọmọ ọdún 18 kan nínú ilé rẹ̀ ní Idaho Falls, ní ìpínlẹ̀ Idaho. Ọ̀daràn náà fi DNA rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́pàá mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan, wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀ títí ó fi jẹ́wọ́. DNA rẹ̀ kò bá ti ibi ìṣẹ̀lẹ̀ mu, síbẹ̀ wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1998.

Ní ọdún 2014, ọlọ́pàá fi DNA ibi ìṣẹ̀lẹ̀ náà wá inú àkójọ ìran kan tí ó ti di ti Ancestry. Wọ́n rí ẹnì kan tí tirẹ̀ súnmọ́ ọn. Bàbá àgbàlagbà kan ni, tí ó ti fi DNA rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí ìran ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Ilé-ẹjọ́ pàṣẹ kí ilé-iṣẹ́ náà fi orúkọ rẹ̀ hàn. Ọjọ́ orí bàbá náà kò bá ti ọ̀daràn mu, ni wọ́n bá kọjú sí ọmọkùnrin rẹ̀, tí ń gbé ní ìlú mìíràn tí ó jìnnà réré. Wọ́n gba itọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì wà nínú ìfòyà fún nǹkan bí oṣù kan, kí àbájáde tó dé pé kì í ṣe òun. Ọmọ yìí kò fi DNA rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kankan. Bàbá ni ó tu itọ́, ọmọ ni ọlọ́pàá wá kàn lára.

Ẹ jẹ́ kí á dúró níbẹ̀ ná, kí á kọjá sí California, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀nà tuntun ti ṣí. Láti àárín àwọn ọdún 1970 sí ọdún 1986, ọkùnrin kan ń fọ́lé, ó ń fipá bá obìnrin lòpọ̀, ó sì ń pa ènìyàn káàkiri ìpínlẹ̀ náà. Fún ohun tí ó ju 30 ọdún lọ, ọlọ́pàá kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n gbé DNA rẹ̀ sórí GEDmatch bí ẹni pé oníbàárà lásán ni àwọn. Wọ́n rí àwọn ìbátan rẹ̀ tí ó jìnnà. Barbara Rae-Venter, obìnrin tí ó mọ̀ nípa ìran wíwá, bá wọn to igi ẹbí náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ọlọ́pàá gba DNA lára ọwọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ àti lára tíṣù tí ẹnì kan jù sínú garawa pàǹtírí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, wọ́n mú Joseph James DeAngelo, ẹni ọdún 72, tí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí. Ní ọdún 2020, ó jẹ́wọ́ pé òun pa ènìyàn 13, wọ́n sì rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Lẹ́yìn náà ni ó hàn pé wọ́n ti wá inú àkójọ FamilyTreeDNA àti MyHeritage pẹ̀lú.

Ìdùnnú pọ̀ káàkiri, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́pàá Idaho Falls tún dìde, wọ́n gba GEDmatch lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ìdí sìgá tí ọkùnrin kan jù nù fi hàn pé òun ni ọ̀daràn náà. Ọ̀ọ́kán ilé ọmọbìnrin náà ni ó ń gbé ní ọdún 1996. Ó jẹ́wọ́. Ẹni tí ó ti lo nǹkan bí 20 ọdún lẹ́wọ̀n lọ́fẹ̀ẹ́, ilé-ẹjọ́ dá a láre pátápátá ní oṣù Keje ọdún 2019.

Nínú ọ̀ràn kan ṣoṣo, irú àkójọ yìí ti fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀, ó ti mú ẹlẹ́ṣẹ̀, ó sì ti jẹ́ kí wọ́n dá ẹni tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n láìṣẹ̀ láre. Ẹni tí ó bá ní ibi pátápátá ni, kò rí ojú ẹni tí wọ́n dá láre yẹn. Ẹni tí ó bá ní ire pátápátá ni, kò sùn mọ́jú pẹ̀lú ọmọ tí ń dúró de àbájáde fún oṣù kan gbáko.

Òfin sáré tẹ̀ lé e

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ó hàn sí gbangba pé FamilyTreeDNA ti ń bá ọlọ́pàá àpapọ̀ FBI ṣiṣẹ́ láìsọ fún àwọn oníbàárà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, GEDmatch yí òfin rẹ̀ padà pé àfi ẹni tí ó bá fọwọ́ sí i ni ọlọ́pàá lè fi DNA rẹ̀ wá ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà, adájọ́ kan ní Florida fún ọlọ́pàá ní ìwé àṣẹ láti wá inú gbogbo àkójọ náà, àti àwọn tí ó fọwọ́ sí i àti àwọn tí kò fọwọ́ sí i. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ìpínlẹ̀ Maryland ní òfin pé adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, àti pé ọ̀ràn ńlá bí ìpànìyàn àti ìfipábánilòpọ̀ ni a lè torí rẹ̀ ṣe é.

Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìṣirò owó ní ojú tí a fi ń wo irú ọ̀rọ̀ báyìí. Bí ènìyàn mẹ́ta bá jọ ní àkáǹtì, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò máa fọwọ́ sí ìwé, báńkì kò gbọdọ̀ san kọ́bọ̀ fún ẹni tí ó bá dá wá. DNA jẹ́ àkáǹtì tí gbogbo ẹbí jọ ni, láti orí òkú dé orí ọmọ tí a kò tí ì bí. Síbẹ̀, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ ń béèrè. Bí owó bá jáde láìtọ́, a lè dá a padà. Bí DNA bá ti jáde, kò ṣeé pààrọ̀.

A tún mọ ohun kan: bí ilé-iṣẹ́ bá kógbá sílé, gbogbo dúkìá rẹ̀ ni wọn yóò gbé sọ́jà fún àwọn tí ó jẹ lówó. Ní ọdún 2023, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú 23andMe, wọ́n sì rí ọ̀rọ̀ nípa àwọn oníbàárà mílíọ̀nù 6.9. Àkáǹtì tí wọ́n já wọ̀ gan-an kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nípasẹ̀ ètò tí a fi ń so ìbátan pọ̀ ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ àwọn onígbèsè. Ní oṣù Keje, wọ́n tà á ní mílíọ̀nù 305 dọ́là fún àjọ kan tí Anne Wojcicki, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, jẹ́ olórí rẹ̀. DNA àwọn oníbàárà tí ó ju mílíọ̀nù 10 lọ wà lára ohun tí ó wà lórí àtẹ.

Kí ni kí ẹbí ṣe?

A kò ní kí ọlọ́pàá má wá apànìyàn. Ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí ó ṣe é. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ọ̀nà náà gba iwájú adájọ́ kọjá, kí ó sì gba àárín ẹbí kọjá.

Kí ọmọ tó tu itọ́, ẹ jẹ́ kí ẹbí jókòó bí a ti ń jókòó sọ̀rọ̀ ogún àti ilẹ̀. Kí a pe àwọn tí ó wà nílé lórí fóònù, nítorí tiwọn náà wà nínú ìgò yẹn. Kí a ka ibi tí ilé-iṣẹ́ ti kọ ohun tí yóò ṣe bí ọlọ́pàá bá dé, kí a sì mọ̀ bóyá a lè kọ̀. Àwọn tí wọ́n ti fi tiwọn ránṣẹ́ lè ní kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ wọn rẹ́, kí wọ́n sì da itọ́ tí ó ṣẹ́ kù nù. Kí a sì rántí pé oríkì orílẹ̀, orúkọ ìdílé àti ẹnu àwọn àgbà ṣì wà. Ọmọ tí ó bá bi ìyá àgbà léèrè ìtàn ilé wọn yóò gbọ́ ohun tí kò sí nínú ìgò kankan, ìyá àgbà náà yóò sì mọ ẹni tí òun ń sọ ọ́ fún.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn, tí wọ́n kọ́kọ́ bá àwùjọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan, ni ó yẹ kí a máa ṣe nínú ilé wa. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá kìlọ̀ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.